Bí mo ṣe ń mú àlejò ṣeré ní Tucson láìjẹ́ kí oòrùn gbé wọn ṣubú

Gbogbo àlejò tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Tucson ló máa ń bi mí ní ìbéèrè kan náà lórí fóònù: "Níbo lo máa mú wa lọ?" Ọdún kọkànlá mi rèé ní ìlú yìí ní Arizona, ìdáhùn mi ò sì tíì yí padà: ẹ má tíì bi mí ní ibo, aago mélòó ni kẹ́ ẹ bi mí. Ibi kan náà tó tutù pẹ̀sẹ̀ láago márùn-ún ìdájí lè gbé èèyàn dé ilé ìwòsàn láago kan ọ̀sán. (Ẹ jọ̀ọ́, "Túù-sàn" là ń pe ìlú náà o. "C" tó wà láàárín rẹ̀ ń sùn ni.)

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Oṣù kẹfà ni wọ́n dé. Mo kìlọ̀ fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ṣé oòrùn lo fẹ́ fi dẹ́rù bà mí? Èmi tí mo dàgbà sábẹ́ oòrùn?" Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo ní kí n rẹjú díẹ̀. Kí n tó jí, bùọ̀dá ti wọ bàtà, wọ́n ti mú omi inú ike kékeré kan, wọ́n ti jáde láago mọ́kànlá àárọ̀ láti lọ na ẹsẹ̀. Nígbà tí mo fi mọ́tò wá wọn rí, abẹ́ igi mesquite kan lẹ́bàá títì ni wọ́n jókòó sí, ètè wọn ti bó. Wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Àbúrò mi, mi ò mà làágùn rárá. Kí ló wá dé tí orí ń fọ́ mi báyìí?"

Ibi tí ẹ̀tàn wà gan-an nìyẹn. Wọ́n làágùn. Afẹ́fẹ́ ibí ló gbẹ débi pé òógùn ti fò lọ kó tó hàn lára. Ooru ilé máa ń kìlọ̀: aṣọ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, òógùn á wọ ojú, èèyàn á wá ibòji fúnra rẹ̀. Ooru aṣálẹ̀ kì í kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1990, 117°F ni ooru tó ga jù nílùú yìí, ìyẹn 47°C. Láàárín ọdún kan, òjò tó ń rọ̀ síbí ò ju nǹkan bí ínǹṣì mọ́kànlá lọ.

Nítorí náà, kí n tó ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún àlejò, nǹkan mẹ́rin ni mo máa ń yẹ̀ wò. Omi: lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kan, kò sí "èmi kì í mumi púpọ̀" níbẹ̀. Tí omi bá ti ku ìlàjì, ibi yòówù ká dé, ilé yá. Nǹkan oníyọ̀ díẹ̀ láti jẹ, torí omi nìkan ò tó. Akẹtẹ̀ tó fẹ̀ dáadáa, kì í ṣe fìlà tó kàn bo orí. Ẹ̀kẹrin ni òòyà. Ẹ ní sùúrù, màá dé orí òòyà.

Ìgbà wo ni kẹ́ ẹ wá?

Tí ẹ bá láyè àtiyàn, oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni. Ọ̀sán máa ń dáa nígbà yẹn, àmọ́ alẹ́ lè tutù tó kí omi dì, torí náà ẹ mú súwẹ́tà. Ìlú yìí ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,400, ilẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tọ́jú ooru di òru. Oṣù kejì ni mo fi máa ń sọ fún àwọn èèyàn mi pé kí wọ́n tètè wá yàrá. Ìgbà yẹn ni ọjà òkúta iyebíye máa ń wáyé, inú àgọ́ àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì káàkiri ìlú ni wọ́n ti ń tà á. Ìgbà yẹn náà ni eré àwọn darandaran orí ẹṣin, La Fiesta de los Vaqueros, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1925; àwọn ọmọ iléèwé máa ń gba ọjọ́ méjì ìsinmi nítorí rẹ̀. Wíwọ ọ̀pọ̀ àgọ́ ọjà òkúta náà ò gba owó. Mo rí túmálínì pupa kan níbẹ̀ lọ́dún kan tí wọ́n kọ "Nigeria" sí lábẹ́. Inú mi dùn, mo béèrè iye rẹ̀, mo rọra dá a padà síbi tí mo ti mú un.

Ohun kan tó máa ń da àlejò láàmú: Arizona kì í yí aago. Nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ yòókù bá sún aago síwájú, tiwa dúró síbi tó wà, àfi lórí ilẹ̀ àwọn Navajo, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan, ní àríwá lọ́hùn-ún. Tí ẹ bá ti Los Angeles wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aago wa bára mu. Tó bá di ìgbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Ọmọ àbúrò mi ti pàdánù ọkọ̀ òfuurufú nítorí ẹ̀.

Ìdájí

Òkè Tumamoc ni mo máa ń kọ́kọ́ mú àlejò lọ, torí òun ni mo fi ń dán wọn wò. Ọ̀dà ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà rẹ̀ dé orí, mílì kan ààbọ̀ ni, kì í gba ọ̀kadà, kì í gba ajá, kò sì gba kọ́bọ̀. Láti aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ti ń jẹ́ kéèyàn gùn ún. Ní ọ̀pọ̀ àárọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kí n tó lọ sùn: ẹ máa rí nọ́ọ̀sì tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, bàbá àgbà tó mú tẹ̀sùbáà dání, àwọn ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́. Láti ọdún 1903 ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ní ilé ìwádìí ewéko aṣálẹ̀ sáàárín òkè yẹn. Ẹni tó bá gun Tumamoc láìmí hẹlẹhẹlẹ, mo lè mú un lọ ibi yòókù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Saguaro National Park. "Sa-wá-ro" ni wọ́n ń pè é, orúkọ kákítọ́sì gíga yẹn ni, igi ẹlẹ́gùn-ún inú aṣálẹ̀. Apá méjì ni ọgbà náà, ìlú wà láàárín wọn. Dọ́là 25 ni fún mọ́tò kan, ọjọ́ méje ni rísíìtì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní apá méjèèjì, ẹ má sọ ọ́ nù. Tí ẹ bá mú àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu dání, apá ìlà-oòrùn ni kẹ́ ẹ lọ: títì ọlọ́dà mílì mẹ́jọ ló yí igbó náà po, wọ́n lè jókòó sínú mọ́tò kí wọ́n rí gbogbo ẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá dá ṣáká, apá ìwọ̀-oòrùn ni tèmi. Ibẹ̀ ni saguaro ti pọ̀ bí èrò ọjà, ẹ ó sì rí àwòrán tí àwọn ará àtijọ́ gbẹ́ sára àpáta ní Signal Hill. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti ibi tí wọ́n ń páàkì sí.

Ẹ má kàn ya fọ́tò kẹ́ ẹ lọ. Ẹ sún mọ́ ọ̀kan. Ara rẹ̀ ṣẹ́ wìjìwìjì bí síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ́ po. Tí òjò bá rọ̀, á fa omi, àwọn ìṣẹ́po yẹn á fẹ̀ sí i. Tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á fún padà. Èyí tó bá ti dàgbà wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́fà, omi ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ihò tí ẹ ó rí lókè, ẹyẹ akókó ló gbẹ́ ẹ. Nígbà tó bá kó jáde, òwìwí kékeré lè wọlé láìsan owó ilé. Ẹ wá wo apá rẹ̀. Ní ọgbà yìí, ó máa ń tó àádọ́ta sí márùndínlọ́gọ́rin ọdún kí saguaro tó yọ apá àkọ́kọ́. Èyí tí ẹ bá rí pẹ̀lú apá márùn-ún, ó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀ kí Arizona tó di ìpínlẹ̀ lọ́dún 1912. Ìyá ọkọ mi rí ọ̀kan, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ kú àtijọ́, sà." Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé àwọn Tohono O'odham, tí wọ́n ni ilẹ̀ yìí látilẹ̀, èèyàn ni wọ́n ka saguaro sí. Ní òpin oṣù kẹfà ni wọ́n máa ń fi ọ̀pá gígùn já èso rẹ̀. Egungun saguaro tó ti kú ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ọ̀hún. Ìgbà ìkórè yẹn ni ọdún tuntun wọn.

Òòyà wá. Kákítọ́sì kan wà tí wọ́n ń pè ní cholla, ẹ pè é ní "tsó-yà". Láti òkèèrè, ó rí múlọ́múlọ́ bí irun ọmọ àgùntàn, oòrùn àárọ̀ á tún jẹ́ kó máa tàn. Àǹtí mi fẹ́ dúró tì í ya fọ́tò. Mo ní, "Àǹtí, ẹ má sún mọ́ ọn." Wọ́n ní àwọn ò fọwọ́ kàn án. Òótọ́ ni, wọn ò fọwọ́ kàn án. Ìdí aṣọ wọn ló kàn án. Odindi ìdì ẹ̀gún kan tó tó ẹyin adìyẹ já lára igi, ó lẹ̀ mọ́ wọn ní itan. Wọ́n pariwo, wọ́n fi ọwọ́ gbá a, ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ náà. Ẹ̀gún cholla ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ tí ojú ò rí, bó ṣe ń wọlé kọ́ ló ṣe ń jáde.

Ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ ní kí onítọ̀hún dúró jẹ́ẹ́. Kí àwọn yòókù kúrò níbi tí ẹ fẹ́ ta á sí. Ẹ ki eyín òòyà bọ àárín awọ ara àti ìdì ẹ̀gún náà, ẹ rọra tì í títí á fi jókòó sórí òòyà, kẹ́ ẹ wá ta á dànù lẹ́ẹ̀kan náà, kíá. Tẹ́ ẹ bá rọra fà á, á kọ́ ara mú, á sì dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ẹ̀gún tó bá kù, ẹ fi ẹ̀mú yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Òòyà oníke tó lágbára ló dáa, èyí tí eyín rẹ̀ ò sún mọ́ra jù. Méjì wà nínú ilẹ̀kùn mọ́tò mi nígbà gbogbo, ọ̀kan ò sì tíì kan irun rí.

Ejò tó ń mi ìdí ìrù bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà níbí lóòótọ́. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ibi tójú ò dé, ẹ dúró tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ fà sẹ́yìn, òun náà ò fẹ́ wàhálà. Àkéekèe ńkọ́? Ẹ gbọn bàtà kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ó parí.

Ọ̀sán

Ẹ sùn. Mi ò ṣàwàdà.

Tí ara àlejò bá kọ̀ tí kò gbà kó sùn, ẹ mú un lọ sábẹ́ ilẹ̀. Ní Sahuarita, nǹkan bí mílì márùndínlọ́gbọ̀n sí gúúsù, rọ́kẹ́ẹ̀tì ogun Titan II kan, irú tó ń gbé bọ́ǹbù átọ́míìkì, ṣì dúró nínú kànga rẹ̀, wọ́n ti yọ bọ́ǹbù orí rẹ̀ àti epo rẹ̀. Méjìdínlógún irú rẹ̀ ló yí Tucson ká nígbà Ogun Tútù láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà. Àwọn ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ràn Pima Air & Space Museum jù, níbi tí bàálù bí irínwó wà; ẹ wo àwọn tó wà níta láàárọ̀, kẹ́ ẹ fi àwọn tó wà nínú ilé ńlá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ de ọ̀sán. Arizona-Sonora Desert Museum, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1952, kì í ṣe ibi ọ̀sán o, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ jọ ti inú ilé. Ìta gbangba ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ wà lẹ́nu géètì nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ nínú ilé àwọ̀n, kò ju àtàǹpàkò lọ, á dúró sójú kan lófuurufú níwájú òdòdó bí ẹni pé okùn ló so ó rọ̀. Mo ti lo wákàtí kan níbẹ̀ rí láìmọ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ihò Kartchner Caverns, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Benson. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì, Gary Tenen àti Randy Tufts, ló rí i lọ́dún 1974, wọn ò sì sọ fáráyé fún ọdún mẹ́rìnlá torí wọn ò fẹ́ káwọn èèyàn bà á jẹ́. Ìjọba ra ilẹ̀ náà lọ́dún 1988, wọ́n ṣí i fún èrò lọ́dún 1999. Ẹ gba àyè sílẹ̀ ṣáájú. Wọn kì í jẹ́ kéèyàn mú báàgì tàbí kámẹ́rà wọlé. Yàrá tó tóbi jù níbẹ̀, wọ́n máa ń tì í láti àárín oṣù kẹrin títí di àárín oṣù kẹwàá, torí àwọn àdán ń bímọ síbẹ̀. Ọ̀rinrin inú ihò yẹn sún mọ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Kí n tó rìn dé àárín, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn. Mo dúró, mo mí kanlẹ̀. Òórùn ilé ni.

Tí ooru bá pọ̀ jù, ẹ gun òkè

Èyí ni mo fi máa ń ṣe yàngàn. Ní ọjọ́ tí ìlú bá gbóná tó 105°F, bíi 40°C, wákàtí kan nínú mọ́tò á gbé yín débi tí ẹ ó ti nílò súwẹ́tà. Òkè Lemmon ga tó ẹsẹ̀ bàtà 9,157. Catalina Highway ló lọ síbẹ̀, mílì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Saguaro lẹ ó kọ́kọ́ rí, tó bá yá ẹ ò ní rí wọn mọ́, á di koríko àti igi óákù, á wá di igi páìnì gíga tó ń rùn dáadáa. Orúkọ obìnrin kan tó mọ̀ nípa ewéko, Sara Lemmon, ni òkè náà ń jẹ́. Ọdún 1881 ló gùn ún. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló la títì náà láti ọdún 1933. Ọ̀kan lára wọn ni Gordon Hirabayashi, ọmọ Amẹ́ríkà tí òbí rẹ̀ wá láti Japan, tó kọ̀ láti tẹ̀ lé òfin tó fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò nílé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ibi tí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n yẹn wà ni wọ́n ti sọ lórúkọ rẹ̀ báyìí, àwọn èèyàn ń pàgọ́ sùn síbẹ̀. Mo máa ń yà níbẹ̀ ká jẹun. Ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ ṣì wà nínú koríko.

Ẹ rọ epo kún táńkì kẹ́ ẹ tó gùn ún, kò sí ilé epo lókè. Ẹ dúró ní Windy Point, ẹ di akẹtẹ̀ yín mú. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná, torí afẹ́fẹ́ fúyẹ́ lókè lọ́hùn-ún. Abúlé Summerhaven wà níbẹ̀. Iná igbó jó èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lọ́dún 2003, wọ́n sì tún un kọ́. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi mọ́tò sí jíà kékeré, ẹ má fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì títí dé ìsàlẹ̀. Mo ti gbọ́ òórùn bíréèkì tó ń jó nínú mọ́tò ara mi, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

San Xavier, àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ

Ní gúúsù ìlú, lórí ilẹ̀ àwọn Tohono O'odham, ṣọ́ọ̀ṣì funfun kan dúró láàárín pápá bí ẹyin nínú ìgbá. Mission San Xavier del Bac ni. Bàbá Kino, àlùfáà Kátólíìkì kan, ló dá ibùdó náà sílẹ̀ lọ́dún 1692. Ilé tí ẹ ń wò yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1783, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1797. Àbí kí n ní wọn ò parí rẹ̀, torí ilé ìṣọ́ kan ò ní òrùlé ribiti bí èkejì. Wíwọlé ò gba owó, àpótí ọrẹ wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń jọ́sìn nínú rẹ̀ títí dòní ni, ẹ ṣí fìlà, ẹ má ya fọ́tò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe Máàsì.

Ní apá òsì, ère Fransisi Mímọ́ kan sùn gbalaja, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ara aṣọ yẹn ni àwọn èèyàn máa ń gún pín-ìnnì mọ́: irin pẹlẹbẹ kékeré tó rí bí ẹsẹ̀, bí ojú, bí ọkàn, fọ́tò ọmọdé, káàdì ìdánimọ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn èèyàn á tò, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ki ọwọ́ sábẹ́ orí ère náà, á gbé e sókè díẹ̀, á gbàdúrà. Onígbàgbọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni ìyá ọkọ mi, mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n dúró wo obìnrin kan tó ń sunkún níbẹ̀ fúngbà pípẹ́, wọ́n wá sọ fún mi wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́: "Bá mi sọ fún un pé Ọlọ́run á gbọ́." Èdè Spanish mi ò tó nǹkan, àmọ́ mo sọ ọ́.

Níta, àwọn obìnrin O'odham máa ń din búrẹ́dì lábẹ́ àtíbàbà. Ẹ ronú pọfupọ́ọ̀fù tí wọ́n tẹ̀ pẹlẹbẹ tó tó àwo. Olóyin dáa, ti ẹ̀wà àti ata pupa dáa jù ú lọ. Ẹ mú owó kéékèèké dání.

Lọ́dún 2015, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi Tucson ṣe ìlú oúnjẹ, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá wá síbí tó lọ ń jẹ adìyẹ dídín inú ike ti fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín. Ẹ wá hot dog ti Sonora, ìpínlẹ̀ kan ní Mẹ́síkò: sọ́séèjì tí wọ́n wé béékìnì mọ́, wọ́n á fi sínú búrẹ́dì rírọ̀, wọ́n á da ẹ̀wà, àlùbọ́sà, tòmátì, máyọ́néèsì lé e, wọ́n á gbé ata yíyan kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ méjì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, aṣọ funfun ò sì bá a lọ. Ilé oúnjẹ El Güero Canelo gba ẹ̀bùn James Beard, ẹ̀bùn ńlá fún ilé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà, lórí ẹ̀ lọ́dún 2018. (Ẹni tí kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, kó béèrè ṣáájú.) Ní El Charro, tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ láti ọdún 1922, orí òrùlé ni wọ́n ti ń sá ẹran màlúù sínú oòrùn. Carne seca ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, mo wo ojú ọkọ mi, òun náà wò mí: mọ̀lẹ́bí kílíṣí rèé, kò kàn ní kúlíkúlí lára ni.

Tí òjò bá dé

Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹfà sí 30 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n kà sí ìgbà òjò, àmọ́ oṣù keje ni òjò náà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àárọ̀ á mọ́ kedere. Tó bá di aago méjì, ìkùukùu á gorí òkè bí ìyẹ̀fun tó ń hó. Kí òjò tó kán, òórùn ewéko creosote á ti gba afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn lẹ́ẹ̀kan ò ní gbàgbé rẹ̀.

Nígbà yẹn, ẹ ṣọ́ odò gbígbẹ. Iyanrìn lásán lẹ ó rí, títì á sì gba orí rẹ̀ kọjá. Òjò lè má kan yín lórí rárá, kó jẹ́ orí òkè lọ́hùn-ún ló ti rọ̀, kí àgbàrá sì dé bá yín láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo dúró létí ọ̀kan rí, iyanrìn ló wà níbẹ̀ nígbà tí mo pa mọ́tò. Kí n tó mu omi tán, odidi igi ń yí lọ nínú omi pupa níwájú mi. Arizona ní òfin tí àwọn èèyàn ń pè ní Òfin Awakọ̀ Òmùgọ̀: ẹni tó bá yí ìdènà kọjá wọ omi, tí wọ́n sì ní láti wá yọ ọ́, òun ló máa san owó tí wọ́n fi yọ ọ́ jáde, ó sì lè tó dọ́là 2,000. Tí eruku bá bò yín lórí títì ńlá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, ẹ pa gbogbo iná, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rò pé ẹ ṣì ń lọ, á wá tẹ̀ lé iná yín wọlé sí yín lára.

Ìrọ̀lẹ́ àti òru

Gates Pass, àárín òkè ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, ni kẹ́ ẹ ti wo oòrùn tó ń wọ̀. Ẹ débẹ̀ kó tó ku ìdajì wákàtí, àyè ìpáàkì kì í tó. Lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, ẹ má tíì lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn rẹ̀ ni ojú ọ̀run máa ń dáa jù, ọ̀pọ̀ èrò á sì ti wọ mọ́tò.

Láti ọdún 1972 ni òfin ti wà nílùú yìí lórí iná ìta, nítorí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń wo ìràwọ̀. Kitt Peak, níbi tí àwọn ẹ̀rọ awòràwọ̀ wà, jẹ́ mílì 56 sí ìlú, lórí ilẹ̀ àwọn Tohono O'odham. Ẹ gba àyè ṣáájú, ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn.

Ọ̀nà ibodè

Títì I-19 tó lọ sí Nogales lẹ́nu ibodè Mẹ́síkò, kìlómítà ni wọ́n fi kọ bí ibi ṣe jìnnà tó sára pátákó rẹ̀, kì í ṣe mílì. Ẹ má ya bàrà tẹ́ ẹ bá rí i. Ìlú kékeré Tubac lójú ọ̀nà yẹn dáa fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀, àwọn ọlọ́pàá ibodè máa ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà, wọ́n á béèrè bóyá ọmọ Amẹ́ríkà ni yín. Òfin ní kí àgbàlagbà tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè yìí máa mú ìwé rẹ̀ dání. Gíríìnì káàdì gan-an, páásípọ́ọ̀tù gan-an, kì í ṣe fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Mo máa ń béèrè lẹ́nu ilẹ̀kùn kí n tó ṣáná sí mọ́tò: "Ìwé yín dà?" Ẹ dáhùn wọn pẹ̀lú sùúrù, ẹ lọ. Èmi kì í mú àlejò kọjá sí Mẹ́síkò, ọ̀rọ̀ físà ò ṣe é fi ṣeré.

Ìlú àtijọ́ Tombstone ńkọ́? Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1881 ni àwọn agbófinró àti àwọn jàǹdùkú kan yìnbọn síra wọn níbẹ̀, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ló gbà, èèyàn mẹ́ta kú, wọ́n sì ti ń fi ṣòwò látìgbà náà. Wákàtí méjì ti tó. Ẹ tẹ̀ síwájú dé Bisbee, ìlú tí ilé rẹ̀ gun ara òkè bí ewúrẹ́, kẹ́ ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin kékeré lọ sínú ihò bàbà Copper Queen. 47°F ni inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn lóòjò, tútù nini.

Ohun tí ẹ máa mú lọ sílé

Kì í ṣe kákítọ́sì, òfin dáàbò bo saguaro, egungun rẹ̀ náà ò ṣeé dédé mú nínú ọgbà. Ẹ ra ìyẹ̀fun èso igi mesquite, tó ń dùn fúnra rẹ̀. Ẹ sì ra chiltepín, ata igbó wẹ́ẹ́rẹ́ tó rí róbótó bí ẹ̀wà kékeré. Obìnrin tó tà á fún wa lọ́jà wo ìyá ọkọ mi, ó gbé ìka kan sókè: ẹyọ kan ṣoṣo, màmá, ẹ ṣọ́ra. Mọ́mì da mẹ́ta sẹ́nu. Wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, obìnrin náà ti ń wá omi. Wọ́n gbé e mì, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn béèrè bóyá ó ní èyí tó mú díẹ̀ sí i.